Ìwé Gbèsè ní Nguru

Ìwé ìyá mi ṣì wà lọ́wọ́ mi,
èyí tí òróró ẹja ti mu dé ojú-ewé kẹrìnlá.
Nguru ni wọ́n bí mi sí, lẹ́yìn ibùdó rélùwéè,
níbi tí ojú irin parí sí.
Ọmọ Ọ̀fà ni wá. Ẹja ló gbé wa débẹ̀.

“Zarami, páálí ogójì,” bí ìyá mi ṣe kọ ọ́ nìyẹn,
“àrọ̀ gbígbẹ tó fi ìrù bọnu. Ó wọ ọkọ̀ ọjọ́ Ẹtì.”
Gbogbo ẹni tó jẹ ẹ́ lówó ló kọ sílẹ̀,
àní Gambo alábàárù, kọ́bọ̀ mẹ́ta.
Kò kọ orúkọ omi tó ń kún bo pápá lẹ́yìn òjò,
tí ẹja fi ń wọ inú koríko lọ yé ẹyin.
Ta ní í kọ orúkọ ẹni tí kì í sin gbèsè?

Zarami a máa dojú bolẹ̀ lórí akèǹgbè ràbàtà,
ikùn rẹ̀ á dí ẹnu akèǹgbè pa,
ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ni àjẹ̀.
Mo bi í lọ́mọdé pé ṣé ẹ̀rù kì í bà á.
Ó fi Yorùbá rélùwéè rẹ̀ dáhùn:
“Omi kì í gbé ẹni tó mọ ibi tí ọmọ rẹ̀ ń sùn.”

Wọ́n sé odò lókè. Wọ́n ní nítorí àlìkámà ni.
Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà, èmi náà ń jẹ búrẹ́dì.
Ṣùgbọ́n omi tó ń wá tẹ́lẹ̀ bí àlejò ọdún,
tó ń kún, tó ń fà, tó ń jẹ́ kí ilẹ̀ mí,
wá di ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà látàárọ̀ dalẹ́:
kò wọlé, kò lọ.
Kachalla bá ráyè.
Koríko tó ga ju ènìyàn lọ,
orí rẹ̀ rẹ́súrẹ́sú bí ògùṣọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣáná sí.
Ẹ̀gà fẹ́ràn rẹ̀. Àrọ̀ kò rí ọ̀nà gbà.

Lọ́dún tó kọjá, Zarami gbé garawa kan wá:
èpìyà tí kò gùn tó ìka mi.
Àwọ̀n ẹ̀fọn ló fi kó wọn.
Mo ní, “Irúgbìn lo ń tà fún mi yìí.”
Ó wolẹ̀. “Falmata bí ìbejì.”
Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.
Mo rà á. Kí ni ǹ bá ṣe?

Yagana ti pa ààrò èéfín rẹ̀, adìyẹ ló ń yé síbẹ̀ báyìí.
Dírẹ́bà tó ń kó ẹja wa gba Potiskum ti ń kó sìmẹ́ńtì.
Àbúrò mi pè láti Ọ̀fà:
ẹja inú yìnyín ni wọ́n ń jẹ, wọn ò mọ odò tó ti wá.

Nígbà tí omi lọ sílẹ̀, mo ṣí ojú-ewé tuntun:
“Dòjé, mẹ́jọ. Túwó òṣìṣẹ́, ọjọ́ mọ́kànlá. Ẹja: òfo.”
“Ẹ gé e lábẹ́ omi,” Zarami ń kígbe,
“kí omi wọ̀ ọ́ lọ́fun!”
Ọwọ́ wa bó. Eṣúṣú mu wá lẹ́jẹ̀.
Ọ̀nà tí a là ò fẹ̀ ju ọkọ̀ ọlọ́pọ́n méjì lọ.

Àgbàrá àkọ́kọ́ dé lóru.
Láàárọ̀, a wà nínú omi dé orúnkún,
Zarami ṣàdédé gbá mi lọ́wọ́ mú.
Àrọ̀ kan, ikùn rẹ̀ kún fún ẹyin,
gba àárín ẹsẹ̀ wa kọjá bí ẹni tó ń lọ ilé bàbá rẹ̀.
Àwọ̀n wà léjìká Zarami.
Ó wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Mo délé, mo wá ibi tí màá kọ ọ́ sí.
Ìlà méjì ni ìyá mi fà: ohun tó wọlé, ohun tó jáde.
Mo fa ẹ̀kẹta.
N kò tíì mọ ohun tí màá kọ sórí rẹ̀.